Páǹpù Tí Kò Ṣeé Tú Fọ̀ Kò Yẹ fún Oúnjẹ

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn, a sì fẹ́ sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí à ń ṣe sóbò, mílíìkì sóyà, yógọ́ọ̀tì tàbí omi ọsàn tà ti kúrò ní ìdí ìkòkò kan. Ìkòkò ńláńlá la fi ń sè é báyìí. Tí ẹ̀yìn bá ti ń ro wá nítorí garawa gbígbé, páǹpù ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Èyí tó wà nítòsí la sì máa ń rà: páǹpù tí wọ́n fi ń fa omi kànga. Ó yá, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé kò yẹ. Kéèyàn máa fi garawa tó mọ́ gbé ọjà rẹ̀ sàn ju kó gbà á kọjá nínú páǹpù tí kò ṣeé tú fọ̀.

Kí nìdí? Àkọ́kọ́, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe inú rẹ̀. Irin dúdú àti idẹ ló wà nínú ọ̀pọ̀ páǹpù omi. Ohun kíkan sì ni sóbò àti omi ọsàn. Ohun kíkan máa ń jẹ irin, ohun tó bá sì jẹ kúrò níbẹ̀, inú ohun mímu ló ń lọ. Bákan náà ni páìpù onísíńkì táwọn púlọ́ńbà ń lò: síńkì ara rẹ̀ máa ń yọ́ sínú ohun kíkan.

Ìkejì ló burú jù. Wọn ò ṣe páǹpù omi fún kéèyàn máa tú u lójoojúmọ́. Igun pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí síìlì rẹ̀ jìn, oúnjẹ á sì há síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Nínú ooru ilẹ̀ wa, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó jẹ́ pé 20 ìṣẹ́jú péré ni ọ̀kan fi ń di méjì. Tí ẹyọ 1 bá ṣẹ́kù sínú páǹpù ní aago mọ́kànlá alẹ́, tó sì ń rí oúnjẹ jẹ, ó lè lé ní mílíọ̀nù 2 kó tó di aago mẹ́fà àárọ̀. Àwọn yẹn ni ọjà àárọ̀ máa kọ́kọ́ bá pàdé.

Àwa náà ti jẹ nínú ìyà yìí. A se mílíìkì sóyà, ó jinná dáadáa, a fi páǹpù omi fà á sínú ike, a kó o sí fíríìjì. Lọ́jọ́ kejì, àwọn oníbàárà ń dá a padà, wọ́n ní ó ti kan. A ní NEPA ni. A ní ẹ̀wà sóyà yẹn ni kò dáa. A tún ní ike ni. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́! Ọjọ́ tí páǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í jò, tí mẹkáníìkì tú u, òórùn tó jáde kò jẹ́ ká lè dúró. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ìdí síìlì yẹn ti pẹ́ níbẹ̀. A ò sọ̀rọ̀ NEPA mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ibẹ̀ la ti kọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù: ẹ wo ibi tí páǹpù yín wà. Tó bá wà ṣáájú iná, iná ṣì máa pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tó bá kó wọlé. Tó bá wà lẹ́yìn iná, kò sí nǹkan kan mọ́ láàárín òun àti ẹnu oníbàárà. Torí náà, tó bá jẹ́ owó páǹpù gidi kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ̀yìn iná ni kẹ́ ẹ gbé e sí.

Báwo la ṣe ń mọ páǹpù gidi? Sítéńlẹ́ẹ̀sì 304 ló yẹ kó wà níbi tí oúnjẹ ń kàn. Tí iyọ̀ tàbí ohun kíkan bá pọ̀, 316 ló dáa jù. Ẹ má gbára lé mágínẹ́ẹ̀tì o. Sítéńlẹ́ẹ̀sì 201 tí owó rẹ̀ kéré tó sì tètè ń dípẹtà, mágínẹ́ẹ̀tì kì í sábà gbé òun náà. Ẹ bèèrè ìwé rẹ̀. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán, kíláǹpù ni kó sì so ó pọ̀ mọ́ páìpù, kì í ṣe ìdè oníníìsì, torí ojú níìsì máa ń gba ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tú u níṣojú yín. Tí kò bá lè tú u, ẹ máa bá tiyín lọ. Àmì 3-A ti Amẹ́ríkà tàbí EHEDG ti Yúróòpù dára tẹ́ ẹ bá rí i, ṣùgbọ́n àmì kì í fọ páǹpù.

Ẹ wo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fà pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n ń pè ní centrifugal, tó ń yí kíákíá, dáa fún ohun tó ṣàn bíi sóbò àti mílíìkì. Ṣùgbọ́n ó máa ń lu yógọ́ọ̀tì tó ti dì, á sọ ọ́ di omi. Lobe pump, tó ń rọra gbé e, ló dáa fún ohun tó ki. Peristaltic dára fún ilé iṣẹ́ kékeré: inú rọ́bà nìkan ni oúnjẹ ń gbà, ẹ kàn ń pààrọ̀ rọ́bà náà tó bá ti gbó. Ẹ̀yin elépo pupa, ẹ má gba síìlì EPDM, epo máa ń mú un wú. Nitrile tàbí Viton ni kẹ́ ẹ bèèrè.

Fífọ̀ rẹ̀ nìyí, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lò ó ni o, kì í ṣe ọjọ́ kejì:

1. Omi tútù tàbí ìlọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń ṣáájú. Tó bá jẹ́ omi gbígbóná lẹ fi bẹ̀rẹ̀, mílíìkì á sè mọ́ ara irin.
2. Ẹ tú u. Ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ abẹ̀bẹ̀, síìlì àti rọ́bà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
3. Ẹ ṣan án dáadáa, ẹ fi omi tó gbóná gan-an pa kòkòrò tó kù.
4. Ẹ jẹ́ kó gbẹ ní títú. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ tó dè é.

Tẹ́ ẹ bá lo bílíìṣì, ẹ ṣan án kúrò kíákíá, torí tó bá sùn síbẹ̀, á dá ihò sí ara sítéńlẹ́ẹ̀sì. Ẹ má sì pò ó mọ́ fínígà tàbí ásíìdì kankan. Èéfín tó máa jáde lè pa èèyàn.

Ẹ má jẹ́ kí páǹpù yí láìsí nǹkan nínú rẹ̀, síìlì á jó. Tó bá ń dún bí ẹni tó ń mi òkúta wẹ́wẹ́, ohun tó ń wọlé kò tó o ni: ẹ yẹ páìpù tó ń fà á wò, bóyá ó gùn jù tàbí ó tín-ín-rín jù. Ẹ ra síìlì méjì mọ́ ọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rà á.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Owó dà?" Òótọ́ ni, owó rẹ̀ pọ̀ ju ti páǹpù omi lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì ní in kò ní láti ra ayédèrú. Ẹ gbé ìkòkò sísè sórí pèpéle gíga, ẹ fi ẹ̀rọ ẹnu sítéńlẹ́ẹ̀sì sí ìdí rẹ̀, kó máa ṣàn wá sínú ike fúnra rẹ̀. Kò gba iná. Ẹ fi èyí ṣiṣẹ́ títí owó páǹpù gidi á fi pé.

Àwọn míì á ní oníbàárà kì í rí páǹpù. Bẹ́ẹ̀ ni, kì í rí i. Àmọ́ ó ń mu ohun tó jáde nínú rẹ̀, ó tún ń fún ọmọ rẹ̀ mu.

Lálẹ́ òní, ẹ tú tiyín wò, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ fún wa. Ọjà wa ò ní bàjẹ́ o.