Ìdí Ààrò Ni Ilé-Ìwé Akọ̀wé Oúnjẹ

Níbikíbi tí a bá ti rí ẹni tí ó ń kọ̀wé nípa oúnjẹ, ìbéèrè méjì ni àwọn ènìyàn kì í yé bi í: níbo ni ó ti jẹun tí ó dùn mọ́ ọn jù lọ, ta ni ó sì kọ́ ọ ní ọbẹ̀ í sè? Ìdáhùn tí ó sábà máa ń jáde ni orúkọ òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá kan ní Èkó, tàbí ti ilé oúnjẹ kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tàbí ti ìwé aláwòrán mèremère kan tí òyìnbó ṣe. Kò sí ẹni tí yóò bá a jà nítorí èyí, nítorí ohun tí ó bá wu ọ̀fun ni ọ̀fun ń gbé mì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé oúnjẹ Yorùbá ni akọ̀wé náà dáwọ́ lé, tí ó sì fẹ́ kí ọmọ tí a kò tíì bí ka ìwé òun kí itọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, kò yẹ kí ó máa wá ohun tí ń bẹ lápò ṣòkòtò lọ sí Sókótó. Ìlú kan ṣoṣo bí Ẹdẹ tó ó kọ́ níṣẹ́.

Ẹdẹ Màpó Arógun, ìlú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, tí àwọn àgbà sọ pé Aláàfin ni ó rán an wá láti Ọ̀yọ́ kí ó wá ṣọ́ ojú ọ̀nà, kí àwọn Ìjẹ̀ṣà má baà máa dá àwọn oníṣòwò lọ́nà, kì í ṣe ìlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ti ń bọ́ àlejò. Ibi tí ọ̀nà bá gbà kọjá tí ẹ̀ṣọ́ sì wà, ọjà kò ní ṣàìná níbẹ̀. Ibi tí ọjà bá sì ń ná, olóúnjẹ ni ó ń kọ́kọ́ jí. Nígbà tí wọ́n la ojú irin láti Ìbàdàn tí ó fi dé Òṣogbo ní 1907, àárín Ẹdẹ ni ó gbà kọjá, ẹnu èrò tí ó yẹ kí a bọ́ sì tún pọ̀ sí i. Lónìí tí ìró ọkọ̀ ojú irin ti rọlẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n gba ipò àwọn èrò ọjọ́sí, àwọn ti Politẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, àti àwọn ti yunifásítì Adeleke àti Redeemer's tí wọ́n dé lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn baba wa sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹni tí ó ti ìlú oníyán wá lè gba ọ̀rọ̀ yìí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹdẹ jẹ́ ìlú tí wọ́n ti ń bọ Ṣàngó tọkàntọkàn, ta ni kò sì mọ̀ pé ọkà àti gbẹ̀gìrì ni oúnjẹ Olúkòso, Arábámbí, ọkọ Ọya? Àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀ lónìí, àwọn Onígbàgbọ́ sì wà. Síbẹ̀, ìgbàgbọ́ yí padà, ọkà kò yí padà.

Kí akọ̀wé oúnjẹ jí lọ sí àdúgbò Ọjà Tìmì kí oòrùn tó mú, kí ó jókòó ti ìyá olóúnjẹ tí ó mọṣẹ́, kí ó fi gègé sápò ná, kí ó máa wò. Ìyá yìí yóò ti rẹ ẹ̀wà, yóò sì ti bó èèpo rẹ̀ pátápátá, nítorí èèpo tí a bá fi ìkánjú fi sílẹ̀ ni í ba àwọ̀ gbẹ̀gìrì jẹ́ lójú ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀wà bá jinná tí ó rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, yóò fi ìjábẹ̀ jà á, yóò sẹ́ ẹ, kí ó tó fi ata, epo àti irú sí i. Lórí ààrò kejì, ewédú tí wọ́n ti já kúrò lára igi rẹ̀ ń hó nínú omi tí ó ní kán-ún bíńtín. Ìjábẹ̀ tún wọ inú rẹ̀, ó ń ró ṣá, ṣá, ṣá, títí ewé fi di ohun tí ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá kan ọkà. Omi ti hó. Ó da èlùbọ́ sí i, ó ki orógùn bọ̀ ọ́, ó fi ẹsẹ̀ di ìkòkò mú kí ó má baà yí, ó rò ó títí kò fi sí kókó kan nínú rẹ̀, ó bu omi gbígbóná lé e, ó sì dé e. Ní àkókò yìí, bí ẹnikẹ́ni bá bá a sọ̀rọ̀, kò ní dáhùn, nítorí etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìkòkò: ó ń retí kí ooru máa ti ìsàlẹ̀ bẹ́ wá sókè, pó, pó, pó, díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti gbọ́ iye tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ṣí i, ó tún un rò, ó ki igbákọ bọ omi, ó sì ń bù ú sínú abọ́ bí ẹni ń fi òdòdó lélẹ̀. Ewédú lápá kan, gbẹ̀gìrì lápá kan, ọbẹ̀ ata pẹ̀lú ṣàkì àti pọ̀nmọ́ láàárín: àbùlà nìyẹn. Kò wo aago, kò lo òṣùwọ̀n. Etí ni ó fi sè é.

Ọ̀rọ̀ etí yìí ni ó mú ni rántí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó gun orí ìtẹ́ ní 1946 tí ó sì wà níbẹ̀ títí di 1975, ọba tí ń gbé ìlù kọ́ èjìká ara rẹ̀. Ní 1959, ọba yìí kọ àròkọ nípa àwọn ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìwé Ulli Beier jáde lórí àwọn ọdún òrìṣà tí wọ́n ń ṣe ní Ẹdẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀. Báyìí ni ìlù Ẹdẹ ṣe rí akọ̀wé, tí òrìṣà Ẹdẹ rí akọ̀wé. Ìkòkò Ẹdẹ ń retí tirẹ̀. Ohun tí ó sì mú kí ọ̀rọ̀ Láoyè ní ìwúwo ni pé ọwọ́ tí ó di gègé mú náà ni ó ti di kọ̀ǹgọ́ mú rí. Akọ̀wé oúnjẹ tí kò fọwọ́ kan orógùn rí, ìròyìn ni yóò máa gbọ́, ìròyìn kò sì tó àfojúbà.

Ẹ̀kọ ni àpẹẹrẹ kejì, bí òwe ìṣáájú tilẹ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí wàhálà tí ń bẹ nínú ẹ̀kọ kò ní pè é ní oúnjẹ àìrí rárá mọ́: àgbàdo tí a rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a fi sílẹ̀ kí ó tòrò, tí a da omidùn orí rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tí wọ́n fẹ́ fi re egbò, tí a wá rò lórí iná títí ó fi ki, tí a sì ń fi ewé eéran pọ́n níkọ̀ọ̀kan nígbà tí ooru rẹ̀ ṣì ń jó ọwọ́. Ní oṣù Ràmàdáánì, ẹ̀kọ àti àkàrà ni ọ̀pọ̀ ilé ní Ẹdẹ fi ń ṣínu. Àṣírí ẹ̀kọ yìí sì wà nínú ewé. Ewé a máa fún un ní òórùn igbó díẹ̀, a sì máa fi ila ara rẹ̀ sílẹ̀ lára ẹ̀kọ bí ọ̀nà àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀rá kò lè ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀rá ni wọ́n sì ń lò báyìí, fún ẹ̀kọ àti fún móínmóín, ooru ìkòkò sì ń bá a jà nínú oúnjẹ tí a fẹ́ gbé mì. A kò lè dá ẹlẹ́kọ lẹ́bi nìkan: igbó tí ewé eéran ti ń hù ń dín kù, ẹni tí ń já a wọlú ń dàgbà, ọ̀rá sì pọ̀ yanturu lọ́jà. Àwọn tí wọ́n ń jẹ ẹ́ láìbéèrè ni ẹ̀bi wọn pọ̀ jù.

Àwọn kan yóò ní ìdọ̀tí àti èéfín ni a ń gbé lárugẹ. Òótọ́ ni pé bùkà kan wà tí eṣinṣin ibẹ̀ pọ̀ ju oníbàárà lọ; kí akọ̀wé gbà á sílẹ̀, kí ó sì wí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ sì ni pé èéfín igi ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró àwọn ìyá wa jẹ́. Bí wọ́n bá rí gáàsì lò, kí wọ́n lò ó. Inú èéfín kọ́ ni ọgbọ́n náà wà.

Ayé kò sì dití sí oúnjẹ wa. Ní 2024, ilé oúnjẹ Akoko àti Chishuru ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù gba ìràwọ̀ Michelin, ọmọ Nàìjíríà, Adejoké Bakare, sì ni ó dá Chishuru sílẹ̀, orúkọ Haúsá tí ó jẹ mọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí í bá àwùjọ nígbà tí oúnjẹ bá dé. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn náà ni àwọn òbí wa fi kọ́ wa pé a kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Yemisi Aribisala ti fi odindi ìwé sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ilẹ̀ wa ní 2016, Yewande Komolafe sì tẹ tirẹ̀ jáde lórí oúnjẹ Èkó ní 2023. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí a kí wọn fún ni. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé méjèèjì. Bí ọ̀dọ́bìnrin kan bá ra ẹ̀rọ ìlọta láti fi lọ ewédú, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Bí kò bá wá sí ẹni tí ó kọ ìjábẹ̀, igbákọ àti omidùn sílẹ̀ lédè Yorùbá, pẹ̀lú bí a ti ń lò wọ́n, ọmọ rẹ̀ kò ní mọ̀ pé a ní wọn rí.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìwé oúnjẹ Yorùbá wá sí Ẹdẹ, kí ó gbé ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ àwọn olóúnjẹ, kí ó sì san owó ẹ̀kọ́ fún wọn bí a ti ń san án ní yunifásítì. Kí èrò tí ó bá sì ń kọjá lọ sí Òṣogbo dúró níbẹ̀, kí ó béèrè ẹ̀kọ tí a fi ewé pọ́n. Bí wọ́n bá ní ti ọ̀rá ni ó wà, kí ó ní òun yóò dúró de ti ewé.