ÌJỌRA-ẸNI-LÓJÚ, Ọ̀TÁ ÌLÚ

Àrùn kan ń bẹ láàrin wa tí a kì í gbé lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé ẹni tí ó ń ṣe kì í gbà pé òun ń ṣàìsàn. Aya rẹ̀, ọmọ rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ ni í máa jẹ ìrora rẹ̀. Ìjọra-ẹni-lójú ni à ń wí. A kò sọ ti ẹni tí ó mọ iyì ara rẹ̀, tí ó wẹ̀ tí ó mọ́, tí kò sì jẹ́ kí a rẹ́ òun jẹ. Ọmọlúwàbí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tí à ń bá wí ni ẹni tí ó ti sọ ara rẹ̀ di òrìṣà, tí ó sì ń wá ẹni tí yóò máa bọ òun káàkiri. Bí a kò bá yìn ín lónìí, inú rẹ̀ a bàjẹ́. Bí a bá yin ẹlòmíràn lójú rẹ̀, onítọ̀hún a di ọ̀tá rẹ̀. Bí a bá sì tọ́ ọ sọ́nà, a ní ìlara ni a ń ṣe.

Àwọn ará Gíríkì ìgbàanì ní ìtàn ọmọkùnrin kan, Narcissus, tí ó rí òjìji ara rẹ̀ nínú omi, tí ó sì wò ó títí ó fi kú sí etí omi náà. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti sọ àrùn yìí lórúkọ. Sigmund Freud kọ ìwé lé e lórí ní 1914. Nígbà tí ó sì di 1980, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ mọ́ àwọn àìsàn inú ìwé iṣẹ́ wọn. Àmì rẹ̀ ni pé kí ènìyàn máa gbé ara rẹ̀ ga ju bí ó ti yẹ lọ, kí òùngbẹ ìyìn máa gbẹ ẹ́ nígbà gbogbo, kí ó má sì lè bá ọmọnìkejì rẹ̀ kẹ́dùn. Kì í ṣe gbogbo agbéraga ni ó ní àìsàn náà, a kò sì gbọdọ̀ sọ ara wa di oníṣègùn lórí aládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwà bẹ́ẹ̀ bá di àṣà tí ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníṣègùn nìkan mọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ìjòyè àti ti gbogbo wa ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a ní nílé. Láàrin 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, ẹni tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí ó sì di agbẹ́gilére fún Arinjalẹ̀, gbẹ́ àwọn òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Chicago láti 1984. Lára òpó náà, ọba jókòó lórí ìtẹ́, ó dé adé. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó tóbi ju ọba lọ fíìfíì, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára ìtẹ́. Kí ni ìdí rẹ̀? Nítorí pé ọwọ́ olorì yìí ni í gbé adé lé ọba lórí ní ọjọ́ tí ó bá jọba. Ẹyẹ tí ó sì bà lé adé náà jẹ́ àmì agbára àwọn ìyá wa, tí ọba kò lè ṣe ìjọba láìsí wọn.

Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ìjòyè. Nínú ààfin ọba fúnra rẹ̀ ni a ti gbẹ́ ọba ní kékeré, tí a sì gbẹ́ ẹni tí ó gbé e dúró ní ńlá. Ọba sì jẹ́ kí a gbé òpó náà nàró ní ibi tí olùfẹ́ àti ọ̀tá yóò ti rí i. Kò rò pé iyì òun dínkù. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó mọ ọwọ́ tí ó gbé adé lé òun lórí kì í tètè ṣi adé lò. Ǹjẹ́ mélòó nínú àwọn gbajúmọ̀ òde òní ni yóò gba irú òpó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ agbẹ́gilére? Wọn yóò ní kí ó ṣá obìnrin náà kúrò, kí ó sì lẹ fọ́tò àwọn mọ́ ọn.

Ẹnìkan lè dá wa lóhùn pé: Ṣé kì í ṣe àwọn baba wa ni ó wí pé orí là bá bọ, à bá f'òrìṣà sílẹ̀? Ṣé kì í ṣe àwa Yorùbá ni a ń ki oríkì ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́? Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó yin ara rẹ̀?

Èsì wa rèé. Orí yàtọ̀ sí ara. Orí ni ìpín tí olúkúlùkù kúnlẹ̀ yàn kí ó tó dé ayé, ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń pè é ní àkúnlẹ̀yàn. Ẹni tí ó ń bọ orí rẹ̀ ń jẹ́wọ́ pé ohun tí òun ní kò ti ọwọ́ òun nìkan wá. Ẹni tí ó ń bọ ara rẹ̀ ń wí pé òun kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní ti oríkì, ẹnu ẹlòmíràn ni ó ti ń jáde: ìyá ni í ki ọmọ, aya ni í ki ọkọ, onílù ni í ki ọba. Bí a bá sì ń ki ènìyàn, a ó da orúkọ baba àti baba-ńlá rẹ̀ pọ̀ mọ́ tirẹ̀, títí yóò fi mọ̀ pé òun kò dá wà. Oríkì tòótọ́ kì í sì í fi àbùkù pamọ́: bí baba-ńlá bá jẹ́ alágídí, oríkì a sọ ọ́, bí ó bá jẹ́ onígbèsè, oríkì a sọ ọ́. Èwo nínú àwọn tí ó ń sanwó fún ìyìn lónìí ni yóò gbà kí a sọ bẹ́ẹ̀ lójú agbo?

Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí wa. Ní 1924 ni a pàtẹ ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ ní Wembley, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ògògà kò tà á lówó, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, lẹ́yìn 50 ọdún, ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ láìgbàgbé, ó sì ka àwọn ààfin tí ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ni ó ṣáájú, ìyìn ni ó tẹ̀ lé e.

Nínú ilé ni ìparun ti í bẹ̀rẹ̀. Baba tí ó jọ ara rẹ̀ lójú kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aya tàbí lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ tí ó bá ṣe dáadáa ní ilé-ẹ̀kọ́, ògo baba ni; èyí tí ó bá kùnà, ìtìjú baba ni; a kò bi ọmọ léèrè pé kí ni ó ń dùn ún. Aya di dígí tí ọkọ fi ń wo ara rẹ̀; ní ọjọ́ tí dígí bá sọ òótọ́, ọkọ a fọ́ ọ. Àwọn ìyá kan náà wà tí ó ń lo ọmọ wọn bẹ́ẹ̀. Láti inú irú ilé báyìí, àwọn ọmọ kan a jáde di ẹrú ìyìn bí òbí wọn, àwọn mìíràn a di ẹni tí kò lè gbójú sókè sọ tinú rẹ̀.

Láti ilé, ó di ti ìgboro. Ẹ gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀ àti Ẹmùrẹ́ ní àsìkò ìbò, kí ẹ sì wo ojú ènìyàn lára ògiri. Ẹ ó rí ojú, ẹ kò ní rí iṣẹ́. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa fọ́n náírà lójú agbo tàbí láti jó lórí rẹ̀, síbẹ̀ a ń fọ́n ọn. Oyè tí a ti ń fi dá ènìyàn lọ́lá fún iṣẹ́ ìlú ti di ohun tí olówó ń kó jọ bí ẹni kó aṣọ. Nínú ìpàdé, a ó fi wákàtí kan ki àlejò, a ó sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ka ìṣirò owó. Ẹni tí kò bá jẹ́ alága, a fa ẹgbẹ́ ya, a dá tirẹ̀ sílẹ̀, kí òun náà lè jẹ́ alága. Báyìí ni ìlú ṣe ń tú ká.

Kì í ṣe báyìí ni a ṣe gba ara wa sílẹ̀ rí. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí olúkúlùkù ní adé tirẹ̀ para pọ̀ di Èkìtì Parapọ̀, wọ́n sì dúró títí ìwé àlàáfíà fi di kíkọ ní 1886. Bí olúkúlùkù bá ti ní kí a kọ́kọ́ gbé àwòrán tòun ṣáájú ogun, ta ni ì bá ṣẹ́kù láti pín oyè fún? Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè. Èkíní, kí a má ṣe fi ẹnikẹ́ni joyè láìjẹ́ pé a dárúkọ iṣẹ́ tí ó ṣe fún ìlú ní gbangba, kí àwọn tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Èkejì, kí a máa ka ìṣirò owó ṣáájú ìkíni nínú gbogbo ìpàdé, kí a sì gba ìbéèrè lórí rẹ̀ láìbínú. Ẹ̀kẹta, kí àwọn àgbà máa sọ pé "ẹ má bínú" lójú àwọn ọmọ, nítorí pé ọmọ tí kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu baba kò ní mọ̀ ọ́n sọ nígbà tí òun bá di ìjòyè.

Àwọn kan yóò bínú sí ọ̀rọ̀ yìí. Kí wọ́n bi ara wọn léèrè ìdí tí ó fi dùn wọ́n. Bí ọ̀bẹ bá mú tó mú, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò gbẹ́ ẹ fún un, ọwọ́ ẹlòmíràn náà ni yóò sì dì í mú kí ó tó lè wúlò.