Oògùn Tó Mọ Ilé Tó Ń Lọ

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ǹjẹ́ ẹ mọ ìdí tí irun fi máa ń re lórí ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ? Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pọ̀ sí i ni oògùn náà ń pa. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ rí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìdí irun àti ti ìfun rí. Ó dà bí ẹni tó dáná sun oko nítorí òkété kan.

Oògùn tó mọ ilé tó ń lọ ni àwọn onímọ̀ ń wá. Wọ́n ń lo ègé ohun tó kéré débi pé nánómítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Fọ́nrán irun kan fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000 nánómítà. Láti 1995 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí Doxil, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n fi ọ̀rá tín-ín-rín wé, kó má baà pa ọkàn lára tó bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ọmọ wa kan wà nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soboyejo, tó ti darí African University of Science and Technology ní Àbújá rí, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, mú ègé irin tí òòfà ń fà, wọ́n so họ́mónù LHRH mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn ló máa ń gba họ́mónù yìí mọ́ra, nítorí náà irin náà á lẹ̀ mọ́ wọn, ẹ̀rọ MRI á sì rí ibi tí àrùn sá pamọ́ sí. Irú ègé bẹ́ẹ̀ tún lè gbé oògùn, a sì lè mú un gbóná kó pa jẹjẹrẹ.

Ṣùgbọ́n inú yàrá ìwádìí àti lára eku ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà. Ẹni tó bá ń ta "oògùn nano" fún yín lórí WhatsApp, ẹ sá fún un.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí a tètè rí àrùn náà ni. Ìyá tó bá rí kókó lọ́yàn, kó má fi ṣe àṣírí. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má sọ pé owó kò sí kí ẹ tó béèrè iye tí àyẹ̀wò jẹ́. UCH wà ní Ìbàdàn. Ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH wà ní Ìdí-Àràbà láti 2019. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, ká sì wọkọ̀ lọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi màmá yín lálẹ́ òní pé: "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ ṣe àyẹ̀wò kẹ́yìn?"