Ẹ MÁ JẸ́ KÍ ỌMỌ IṢẸ́ SÙN SÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ ALÁGBÀFỌ̀

 

Ọ̀rọ̀ mi kan àwọn alágbàfọ̀ àárín wa tí kì í fi omi fọ kóòtù àti aṣọ olówó ńlá, bí kò ṣe oògùn tí wọ́n ń pè ní perchloroethylene. Èmi kì í ṣe dókítà. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Ogbete. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo lọ gba kóòtù mi, mo bá ọmọ iṣẹ́ tí ó sùn mọ́jú nínú ṣọ́ọ̀bù. Orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní kò séwu, pé oògùn náà kì í gbiná bíi pẹtiróòlù.

Òótọ́ ni pé kì í gbiná. Ìdí nìyẹn tí àwọn alágbàfọ̀ fi gbà á dípò pẹtiróòlù. Ṣùgbọ́n ohun tí kò jó ilé lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Ooru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìsàlẹ̀ ló ń rọ̀ sí, níbi tí ọmọ náà tẹ́ ẹní sí. Oògùn náà tún wúwo ju omi lọ. Bí a bá dà á sílẹ̀, á máa rì títí yóò fi dé inú kànga. Àwọn onímọ̀ àrùn jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tí ó jọ pé ó ń fa àrùn náà. Ní December 2024, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí àwọn alágbàfọ̀ wọn fi í sílẹ̀ láàárín ọdún 10.

Ẹlòmíràn á ní owó ilé ti wọ́n, níbo ni kí ọmọ iṣẹ́ sùn? Mo dáhùn pé àwọn òbí rẹ̀ fà á lé wa lọ́wọ́ kí ó lè kọ́ṣẹ́, kì í ṣe kí ó gba àìsàn lọ sílé. Bí ọ̀gá kò bá ní yàrá, kí ó wá sọ ní ìpàdé. Ẹgbẹ́ kò ní ṣàìrí ibi fi ọmọ wa sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi í ṣòfin ní gbogbo ẹ̀ka: kí ọmọ iṣẹ́ má sùn níbẹ̀, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí a má da ìdọ̀tí oògùn náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ kọ́kọ́ sá kóòtù yín síta kí ẹ tó gbé e wọ yàrá.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Èmi ti sọ tèmi.

Akọ̀wé, Ẹ̀ka Enugu