Ẹ Mí Ná, Kí Ẹ Tó Gbàdúrà

Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nígbà tí ọmọ yín tàbí ọkọ yín wà lójú ọ̀nà láti Abuja sí Kaduna, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, tí ẹ pe fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò lọ, báwo ni ẹ ṣe ń mí? Mo mọ̀ pé ẹ ò kíyè sí i. Àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á tutù, èémí á sì máa gé lókè àyà bí ti ẹni tó sáré gun òkè. Inú ipò yẹn gan-an la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe àsọdùn, àwa ará Kaduna ò sì nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ Bethel Baptist High School ní Maraban Damishi, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ 121 lọ. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀, àwọn òbí ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń dé. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Abuja. Àwọn tó kẹ́yìn nínú àwọn tí wọ́n kó nínú rẹ̀ kò jáde títí di oṣù Kẹwàá. Àwọn àgbà wa ṣì rántí ìjà Ṣàríà ọdún 2000. Nítorí náà, bí táyà bá bẹ́ ní Sabon Tasha tí ìdajì àwọn èèyàn ọjà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Lórí èyí ni owó ilé ìwé, owó ilé àti owó epo tún wá gùn.

Èrò mi nìyí, ẹ sì lè bá mi jiyàn: ó yẹ kí a máa kọ́ ara wa bí a ti ń mí nínú ìjọ, pàápàá ní ìpàdé àdúrà. Mo mọ̀ pé yóò ṣàjèjì létí ẹlòmíràn. Àmọ́ ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ẹ́kísódù 6, ẹsẹ 9. Mósè mú ìlérí Ọlọ́run tọ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lọ, ìlérí tó dára jù lọ tí ẹrú lè gbọ́, wọn kò sì fetí sí i. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ ní tààrà, ohun tó ń sọ ni pé èémí wọn kúrú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè yẹn ń lò fún èémí, fún afẹ́fẹ́ àti fún ẹ̀mí. Iṣẹ́ àṣekára ti gé èémí wọn débi pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò ráyè wọlé. Bíbélì ò sì sọ pé Ọlọ́run bínú sí wọn nítorí rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò ṣòro láti lóye. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí bí ìgbà méjìlá sí ogún ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀rù bá dé, èémí á yára, ọkàn á tẹ̀ lé e. Iṣan kan wà tó ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ gba ọrùn dé ọkàn àti ikùn, tí àwọn dókítà ń pè ní vagus. Bí a bá mí síta pẹ́ ju bí a ti mí sínú lọ, iṣan yìí á mú kí ọkàn lù díẹ̀díẹ̀. A ò lè pàṣẹ fún ọkàn pé kó rọra lù, ṣùgbọ́n a lè pàṣẹ fún èémí. Ìlẹ̀kùn tí Ẹlẹ́dàá fi sílẹ̀ fún wa nìyẹn.

Ẹ jókòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn. Ẹ fi imú mí sínú títí ẹ ó fi ka ẹ̀rin. Ikùn ni kó wú, kì í ṣe èjìká. Ẹ wá rọra mí síta títí ẹ ó fi ka ẹ̀fà. Ó di ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Àwọn tó ń mí sínú lẹ́ẹ̀mejì léra, tí wọ́n sì ń mí síta gùn-ún fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́, lára wọn yá gágá lẹ́yìn oṣù kan ju àwọn tó kàn jókòó ṣe àṣàrò lọ. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín pa mí. Ìmí ẹ̀dùn ni wọ́n ń sọ yìí, tí àwọn ìyá wa ti ń mí látọjọ́ tó ti pẹ́!

Àwọn kan á ní iṣẹ́ àwọn oníyoga ni, pé Kristẹni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Jẹ́nẹ́sísì 2:7 kí ẹ rí ẹni tó kọ́kọ́ fi èémí sí ihò imú èèyàn. Àwọn oníyoga lò ó, àwọn kọ́ ló dá a. Ṣé olùdarí akọrin yín kì í sọ pé kí ẹ mí láti inú ikùn ni? Orin ìyìn tí a fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọ, tí ìlà kọ̀ọ̀kan gùn, mímí síta gígùn ni. Agbẹ̀bí náà ń kọ́ aboyún bẹ́ẹ̀, a ò sì pè é ní ìbọ̀rìṣà.

Àtakò kejì ló wúwo lójú mi. Ẹnìkan lè bi mí pé, “Ṣé kí n máa mí ni, nígbà tí àwọn ajínigbé jókòó sójú ọ̀nà?” Mo gbà pẹ̀lú onítọ̀hún. Nínú ìwé Ẹ́kísódù yẹn kan náà, Ọlọ́run kò ní kí àwọn ẹrú kọ́ bí a ti ń fara balẹ̀ lábẹ́ Fáráò. Ó mú wọn jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi eré èémí pa òbí tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé lẹ́nu mọ́, tàbí kó fi gba ìjọba sílẹ̀ lọ́wọ́ ojúṣe rẹ̀, ó ṣe ibi. Mímí kì í lé agbébọn, kì í sì í san owó ilé ìwé. Kò gba ipò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú. Ẹni tí kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ohun tó rí ń padà wá bá a lójú àlá, kó lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa níbí, kì í sì í ṣe ilé àwọn aṣiwèrè nìkan bí a ti máa ń sọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tó yẹ kí n sọ, bó tilẹ̀ lè dun àwọn kan. Àdúrà wa fúnra rẹ̀ máa ń fi kún un nígbà mìíràn. A ó sáré dé, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ọ̀rọ̀ á máa gun ọ̀rọ̀, èémí ò ní ráyè wọlé. A ó ṣe àmín, a ó sì padà sílé pẹ̀lú àyà tó ń já ju bí a ti wá lọ. Mi ò lòdì sí àdúrà kíkan. Ẹ rántí Èlíjà nínú Ọba Kìíní 19: ó sá fún Jésébẹ́lì, ó ní kí òun kú. Oúnjẹ, omi àti oorun ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un, lẹ́ẹ̀mejì, kó tó bá a sọ̀rọ̀ lórí òkè Hórébù. Ara rẹ̀ ni a kọ́kọ́ tọ́jú.

Ẹ dán an wò ní ìpàdé àdúrà tó ń bọ̀. Kí ẹni tó ń darí ní kí gbogbo ìjọ jókòó, kí wọ́n mí fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ nǹkan kan, kí ó tó pe ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ilé náà, bí ilẹ̀ bá tún ṣú tí fóònù kò lọ, ẹ jókòó, ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn, kí ẹ tó tún un pè. Bí ó bá sì jẹ́ fóònù tiyín ló dún, ẹ ó lè gbọ́ ohun tí ẹni tó pè ń sọ, ẹ ó sì mọ ìdáhùn tí ẹ ó fún un.