Àwọsánmà Kì í Kánjú

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, nígbà wo ni ẹ gbójú sókè wo ojú ọ̀run gbẹ̀yìn, láìjẹ́ pé òjò ni ẹ ń sá fún?

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Òkudù, ọkọ̀ akérò tí a wọ̀ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn dúró gbọn-in ní Ìbàfò, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn èrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, tí wọ́n ń rọ awakọ̀ pé kí ó bọ́ sí apá kejì títì, kí ó máa kọjú sí àwọn ọkọ̀ tí ń bọ̀. Ó ti ń darí ọkọ̀ lọ síbẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: “Ọmọ mi, kọ́kọ́ sọ̀ mí kalẹ̀ ná. Èmi ni wọ́n ń retí níbi tí mò ń lọ, wọn kò retí òkú mi.” Inú ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó ní, “Ẹ má bínú, màmá.”

Nígbà náà ni a gbójú sókè. Àwọsánmà funfun bí òwú ń ti ìhà òkun bọ̀, ó ń rọra wọ́ lọ sí ọ̀nà Ìbàdàn, níbi tí àwa náà ń lọ. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ṣírò pé bí irú àwọsánmà bẹ́ẹ̀ bá gùn, tí ó fẹ̀, tí ó sì ga ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, omi inú rẹ̀ a tó nǹkan bí 500 tọ́ọ̀nù. Ẹrù ńlá ni, síbẹ̀ kò pariwo, kò sì ti ẹnikẹ́ni sí kòtò.

A kò yin ọ̀lẹ o. Luke Howard tí ó fún oríṣiríṣi àwọsánmà ní orúkọ ní ọdún 1802, apoògùn ni ní Lọ́ńdọ̀nù. Wíwòkè kò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àgbẹ̀ wa pàápàá kò lè fi igbe pe òjò kí ó yá, ṣùgbọ́n a ti ṣán oko, a ti kọ ebè kí òjò tó dé. Ìmúra sílẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ó kánjú. Ẹni tí kò tètè kúrò nílé ni í fẹ́ fi ẹ̀mí ẹlòmíràn san gbèsè ìpẹ́ rẹ̀ lójú títì.

Nítorí náà, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ fẹ̀sọ̀ ṣe é. Ẹ̀yin èrò, ẹ má ṣe ti awakọ̀ sí ìwàǹwára. Ẹ tètè jáde nílé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó sáré dé ibojì kò ní rí ẹni tí yóò yìn ín pé ó yára.

Agogo méjì ni a rò pé a ó dé Ìbàdàn. Agogo mẹ́rin ni a dé. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a fi ẹsẹ̀ ara wa sọ̀ kalẹ̀, àwọn tí ń retí màmá sì rí i.