Asọ̀rọ̀mágbèsì Ti Kéde Ọdún: Ta Ni Yóò Túmọ̀ Rẹ̀ Fún Ọmọ?



Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a jẹun tán, a jókòó ti rédíò nínú ilé wa. Wọ́n gbé orin Ẹ̀fẹ̀ kan jáde láti agbègbè Kétu. Bí akọrin ti lanu báyìí, ìyá wa àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ wa tí ó wà ní CM2 wò wọ́n títí, ó ní, "Ìyá àgbà, kí ni wọ́n sọ tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín?"

Ìyá ní, "Ọkọ kan ni wọ́n ń bú, ọmọ mi. Ó jẹ ẹran yó lọ́jà, ó dé ilé, kò fi owó ọbẹ̀ sílẹ̀."

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ Yorùbá tí a fi ń rán an lómi, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ti inú orin. Ojú tì mí, nítorí láti ìgbà tí ó ti wọ ilé-ìwé ni èmi bàbá rẹ̀ ti ń bá a sọ èdè Faransé.

Àwọn àgbà kò ṣèṣì pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Bí ọmọ bá bi í ní ìbéèrè, kò lè dá a lóhùn. Àwa tí a jókòó tì í ni ìdáhùn wà lọ́wọ́ wa.

Ní 1953 ni rédíò ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní Kútọ̀nú, nígbà tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń jẹ́ Dàhòmì. Tẹlifíṣọ̀n dé ní 1978. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gbọ́ ìkéde ọdún àti eré ìlú, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ìkórè ti parí. Ẹ jẹ́ kí a mẹ́nu ba díẹ̀ tí ó yẹ kí ẹbí fi sọ́kàn.

Ní oṣù Kìíní ni àwọn ẹbí Àgùdà ń ṣe ọdún Bonfim ní Àjàṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn ni a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl. Àwọn tí ó gba òmìnira padà wá sí etí òkun wa, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ ẹrú tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bahia ní 1835. Láti ara orúkọ wọn ni a ti ń pe ìjọ wa ní Ìjọ Àgùdà. Wọ́n ń tò yí ìlú ká, wọ́n ń lọ sí Mísà, wọ́n sì ń ṣe eré Búríyàn: màlúù tí a fi igi àti aṣọ ṣe ń jó, òmìrán ń jó, ìlù onígun mẹ́rin ń dún. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí orin wọn. Èdè Potogí ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ ọ́ kò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Baba fi orin lé ọmọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èdè ti lọ. N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o; ìgbìyànjú ńlá ni wọ́n ṣe. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé kí orin Yorùbá má baà di bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ tiwa, nígbà tí kò sí ẹni tí ó kó wa kọjá òkun.

Ní oṣù Kejì, ọjọ́ méjì ni ó wà. Ọjọ́ 13 ni Ọjọ́ Rédíò Àgbáyé, tí àjọ UNESCO yàn ní 2011. Ọjọ́ 21 ni Ọjọ́ Èdè Abínibí, tí a ń ṣe láti 2000. Ọjọ́ yẹn ní 1952 ni a yìnbọn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Dhaka, tí ó wà ní ilẹ̀ Bangladesh lónìí, nítorí wọ́n ní kí a má ṣe ti èdè wọn sẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ kan kú nítorí èdè ìyá wọn. Tiwa kò béèrè ikú lọ́wọ́ wa. Kí a sọ ọ́ nílé ni.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní tirẹ̀ kò ní ọjọ́ kan pàtó. Ìlú kọ̀ọ̀kan ń dá tirẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, tàbí nígbà ayẹyẹ ńlá, tàbí bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Ẹni tí kò bá fetí sí ìkéde, ó kàn máa gbọ́ pé wọ́n ti ṣe é tán ni. Àwọn àgbà ní Kétu ni ó ti ṣẹ̀. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ó jẹ́ iyì fún gbogbo aráyé, ó sì wọ ìwé ogún wọn ní 2008, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Lóru ni wọ́n sábà ń bẹ̀rẹ̀, ní gbangba ìlú. Akọrin àti onílù yóò jáde ṣáájú àwọn tí ó ru igi. Ẹ̀fẹ̀ yóò yin ẹni rere, yóò sì fi ẹni tí ó hùwà ìtìjú ṣe ẹ̀sín títí ìlú yóò fi rẹ́rìn-ín. Kí rédíò tó dé rárá, òun ni ó ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí igi, ẹ lè rí ejò àti ẹyẹ, ẹ sì lè rí ọkùnrin tí ó gun alùpùpù. Èyí, rédíò kò lè fi hàn wá.

Àwọn kan yóò bi wá pé, ṣé ó yẹ kí ọmọ ìjọ lọ wò ó? Ètùtù wà nínú rẹ̀, ti àwọn tí ó ni ín ni, kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ agbẹ́gilére, òwe, àti orin tí ń bá olè àti ọ̀lẹ wí, ẹ̀kọ́ ni wọ́n fún ẹnikẹ́ni. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ bi àlùfáà yín.

Kí ni kí a wá ṣe nílé? Èkínní, bí ẹ bá gbọ́ ìkéde, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí kò ní dúró tún un sọ. Èkejì, ẹ mú ọmọ lọ pẹ̀lú àgbàlagbà kan tí yóò máa túmọ̀. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá padà dé, ẹ ní kí ọmọ sọ ohun tí ó gbọ́ ní Yorùbá. Bí ó bá ṣì í, ẹ má fi ṣẹ̀sín. Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ rédíò pé kí wọ́n tún gbé orin àtijọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ jáde. Bí a kò bá béèrè, wọn yóò rò pé a kò fẹ́ ẹ.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ wa ń jókòó ti ìyá àgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ó ń kọ ohun tí wọ́n bá rántí sínú ìwé kan. Ojú ìwé mẹ́ta péré ló tíì kún. Ìyá ti dàgbà gan-an, wọn kì í sì í rántí ohun gbogbo mọ́. À bá ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú àkókò yìí.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì ń bẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ó di ìgbà mìíràn. Kí Olúwa bùkún ilé yín.